Sẹ́ẹ̀tì wa ń jáde lóṣù Keje: kí ló yẹ kó wà nínú ìwé ìrántí wa?

Akọ̀wé_SS3

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa. Girama kan nílùú Ìbàdàn ni mò ń lọ, ẹ má bínú pé mi ò dárúkọ rẹ̀. A ti ń ṣe WAEC lọ́wọ́, NECO ló kù, ó parí nìyẹn. Ọdún mẹ́fà. Kíláàsì wa dá owó jọ pé ká ṣe ìwé ìrántí, wọ́n sì ní èmi ni kí n kọ ọ́ torí pé mo máa ń gba máàkì nínú Yorùbá. Ọ̀sẹ̀ méjì rèé tí mo ti ń jókòó ti bébà. Ohun kan ṣoṣo tí mo rí kọ ni "A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó mú wa dé òpin." Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti jáde, kí lẹ kọ sínú tiyín? Kí lẹ gbàgbé tó wá ń dùn yín báyìí? Àwa 43 la kù ní kíláàsì. Owó ọwọ́ wa ò pọ̀.

Bàbá_Òkè_Àdó

Ọmọ mi, o kú iṣẹ́. Kó o tó kọ ohunkóhun, ọwọ́ ta lowó wà? Ohun tójú wa rí ló ń jẹ́ kí n béèrè.

1979 ni mo wọ girama, ọdún tí ìjọba Bọ́lá Ìgè sọ girama di ọ̀fẹ́ ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àtijọ́. A pọ̀ bí eéṣú. Àga ẹni méjì, àwa mẹ́rin la máa ń jókòó lórí ẹ̀. Ẹni tó bá kángun sétí á fi ìdí kan jókòó, á fi ẹsẹ̀ kan dúró. Ẹ̀yìn ẹni tó wà níwájú la máa ń fi ṣe tábìlì. 1984 ló yẹ ká ṣe àpèjẹ ìdágbére. Láti fọ́ọ̀mù fọ́ọ̀ la ti ń dá owó, kọ́bọ̀ lónìí, náírà lọ́la, akápò wa sì ti pààrọ̀ gbogbo rẹ̀ sí náírà márùn-márùn kó má baà wúwo, ó kó o sínú agolo Bournvita. Nígbà ìsinmi Àjíǹde, ó lọ sọ́dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀ lábúlé lọ́nà Mọ́níyà, ó gbé agolo náà dání torí pé kò fọkàn tán àwọn àbúrò rẹ̀.

Oṣù Kẹrin yẹn gan-an ni ìjọba ológun pààrọ̀ àwọ̀ owó. Ọjọ́ mélòó kan péré ni wọ́n fún aráàlú kí wọ́n fi kó ti àtijọ́ lọ sí báǹkì. Bátìrì rédíò ìyá àgbà ti kú. Ìgbà tí akápò wa fi padà wọ Ìbàdàn, ilẹ̀ ti ṣú. Ó lọ tò sí báǹkì ní Dùgbẹ̀, wọn ò tiẹ̀ jẹ́ kó dé ẹnu ọ̀nà, ọmọ iléèwé tí kò ní àkáǹtì.

Owó wa di bébà. Kò sẹ́ni tó lè bá a jà, torí bó ṣe ń sunkún. A pín in láàárín ara wa, ẹnì kan náírà márùn-ún. Tèmi ṣì wà nínú Bíbélì mi. Òun ni mo máa ń yọ wò bí mo bá rántí wọn, nítorí a ò ní fọ́tò kankan.

Nítorí náà, kí owó má wà lọ́wọ́ ẹnì kan. Tíṣà kan, òbí kan, ọmọ kíláàsì kan. Lọ́jọ́ tí kọ́bọ̀ bá wọlé, kí gbogbo gúrúùpù yín rí i.

Akọ̀wé_SS3

Ẹ ṣé gan-an sà. Ọwọ́ akápò wa ló wà, nínú fóònù rẹ̀. Mo ti lọ sọ fún un. Ó bínú díẹ̀.

Alábúkà_Bẹẹrẹ

Kó bínú. Ẹni tó bá ń gbé owó ẹgbẹ́ dání, ìbínú wà lára owó oṣù rẹ̀.

Atẹ̀wé_Mọ́kọ́lá

Ọdọọdún lẹ̀yin ọmọ iléèwé máa ń wá bá wa, ẹ sì máa ń pẹ́ kẹ́ ẹ tó wá. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó máa dín ìjà kù.

Ìwé tá a bá fẹ́ fi pín-ìn-nì gún láàárín, iye ojú ewé rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣeé pín sí mẹ́rin: 24, 28, 32. Tẹ́ ẹ bá gbé 30 wá, ojú ewé méjì máa ṣófo, ẹ ó sì ní mo jẹ yín lówó. Ẹ jẹ́ kí èèpo ẹ̀yìn nìkan jẹ́ aláwọ̀, kí inú rẹ̀ jẹ́ dúdú àti funfun, owó tẹ́ ẹ ní máa tó o. Fọ́tò, ẹ má kàn sọ ọ́ sórí WhatsApp bẹ́ẹ̀, ó máa ń fún un pọ̀. Tá a bá wá tẹ̀ ẹ́, ojú èèyàn á dà bí ẹni tó dúró nínú ọyẹ́. Bíi dọ́kúmẹ́ǹtì ni kẹ́ ẹ ṣe fi ránṣẹ́.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni orúkọ. Kí olórúkọ fúnra rẹ̀ ka orúkọ rẹ̀ kó sì buwọ́ lù ú kó tó dọ́dọ̀ mi. Lọ́dún kan, mo tẹ 120 ẹ̀dà fún àwọn kan, ìwé dára, ó ń dán. Ọjọ́ kejì ni ìyá kan wọlé sí ṣọ́ọ̀bù mi, kò kí mi, ó ṣí ìwé náà síwájú mi, ó fìka lé e: "Abíọ́dún ni mo bí. Ta wá ni Abíọlá yìí?" Báírò ni èmi àti ọmọ iṣẹ́ mi fi tún 120 ẹ̀dà ṣe lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ìyá_Ìbejì_Bódìjà

Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ìnagijẹ, torí mo mọ̀ pé ẹ ti ní i lọ́kàn láti kọ ọ́. Wọ́n máa ń kọ ọ́.

Kẹrosíìnì ni màmá mi ń tà. Láàárọ̀, kí n tó lọ iléèwé, èmi ni mo máa ń bá a rọ ọ́ sínú ìgò. Kò sí ọṣẹ tí mi ò fi fọwọ́, òórùn yẹn kì í lọ. Ní JSS2 ni ọmọkùnrin kan gbóòórùn ìwé tí mo dá padà fún un, ó ní "Kẹ́ró." Ó tán, mo di Kẹ́ró. Àwọn tíṣà méjì ń pè mí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ìwé ìrántí wa jáde, fọ́tò mi rèé, ọjọ́ ìbí mi rèé, "Kẹ́ró" rèé lábẹ́ rẹ̀. Màmá mi ló sanwó ìwé náà. Mi ò fi hàn án títí tó fi kú.

Lọ́dún tó kọjá, mò ń ṣa ata lọ́jà Bódìjà, àwọn ọmọ mi méjèèjì dì mí láṣọ mú, mo kàn gbọ́ lẹ́yìn: "Kẹ́ró! Ìwọ Kẹ́ró!" Mo yíjú. Ohun tó dùn mí nìyẹn, pé mo yíjú.

Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Tó bá ní òun ò fẹ́, ẹ yọ ọ́, ẹ má ní kó ṣàlàyé.

Alábúkà_Bẹẹrẹ

Àǹtí, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Èmi o, "Gbẹ̀gìrì" ni wọ́n ń pè mí ní kíláàsì, torí mo dà á sára yúnífọ́ọ̀mù lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Mo ti kọ ọ́ sára búkà mi báyìí, ó ń mówó wọlé. Àmọ́ òótọ́ lẹ sọ, wọ́n bi èmi léèrè kí wọ́n tó kọ ọ́.

Sẹ́ẹ̀tì_Ìbòmú

Sẹ́ẹ̀tì 2020 rèé. Oṣù Kẹta ni wọ́n ti iléèwé pa nítorí Kòrónà. A rò pé ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì ni. Mo fi ike oúnjẹ mi sílẹ̀ lábẹ́ dẹ́sìkì, ìrẹsì ṣì wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Oṣù Kẹjọ la padà, WAEC sì bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ 17. Ike náà wà níbi tí mo fi í sí. Mi ò ṣí i. Mo fi igi tì í lọ sí ààtàn.

Ọjọ́ tá a ṣe péépà ìkẹyìn, wọ́n ní ká má kóra jọ, kálukú máa lọ sílé bàbá rẹ̀. A sá lọ sábẹ́ igi máńgòrò, a ya fọ́tò kan ṣoṣo kí VP tó lé wa. Gbogbo wa wọ ìbòmú. Lánàá tí mo rí ọ̀rọ̀ yín níbí, mo lọ ṣí fọ́tò náà. Àwa 38. Ẹni 11 ni mi ò dá mọ̀ mọ́! Ọ̀kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé bó ṣe gbé ẹsẹ̀ kan lé orí ìkejì ni mo fi mọ̀ ọ́n.

Tẹ́ ẹ bá ya fọ́tò gbogbo kíláàsì, lọ́jọ́ náà gan-an ni kẹ́ ẹ kọ orúkọ, láti ọwọ́ òsì sí ọwọ́ ọ̀tún, ìlà ìlà. Ẹ má ní ẹ̀ẹ́ rántí.

Ọmọ_1988

Ó jọ pé kò sẹ́ni tó rántí àwa. A wọlé ní 1982, àwa la kọ́kọ́ bá JSS àti SS pàdé, àwa la sì kọ́kọ́ ṣe WAEC ti SS3 ní 1988. Ẹ̀gbọ́n mi lo ọdún márùn-ún ní girama. Nígbà tí tèmi wọ ọdún kẹfà, bàbá mi pè mí sí yàrá, ó tilẹ̀kùn. Ó ní, "Kíláàsì wo lo tún ṣe lẹ́ẹ̀mejì tó ò sọ fún wa?" Mo ṣàlàyé títí, kò gbà. Ó wọ mọ́tò láti Mólété lọ bá pírísípà. Ìgbà tó dé, kò bá mi sọ nǹkan kan, ó kàn ra búrẹ́dì fún mi.

Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé kẹ́ ẹ kọ àwọn nǹkan tó dà bí ẹni pé gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n. Lójú tiwa nígbà yẹn, ta ni ò mọ ohun tí JSS jẹ́? A ò kọ ọ́. Ẹ kọ iye owó Micra láti ilé yín dé iléèwé. Ẹ kọ iye tí pọ́fù-pọ́fù jẹ́ nígbà tẹ́ ẹ wọ JSS1 àti iye tó jẹ́ báyìí, kẹ́ ẹ sì kọ bó ṣe kéré sí i. Ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ fi ń lu agogo. Tiwa jẹ́ rímù mọ́tò tí wọ́n so mọ́ igi, irin kan báyìí la fi ń lù ú, ẹni tó bá ń lù ú máa ń fi ọwọ́ kan di etí.

Mi_Ò_Bá_Wọn_Ṣe

Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó lọ jẹ ayẹyẹ. Họ́sítẹ́lì lèmi gbé fọ́dún mẹ́fà, iléèwé wo ò kàn yín. Ọdún méjì àkọ́kọ́, omi ni mo fi pọn. Aago mẹ́rin ìdájí, garawa méjì fún sìníọ̀, ọ̀kan fún ara mi tí ààyè bá wà. Ẹni tí omi rẹ̀ bá dà, á kúnlẹ̀ lórí òkúta wẹ́wẹ́ títí agogo oúnjẹ àárọ̀.

Nígbà táwa náà di sìníọ̀, a ṣe é. Mo ṣe é. "Ìfẹ́ àti Ìrẹ́pọ̀" ni wọ́n kọ sẹ́yìn ìwé ìrántí wa. Ní oṣù méjì sẹ́yìn, mo rí ọmọ kan lórí Facebook tí mo ti mú kúnlẹ̀ rí, ó ti di dókítà. Mo tẹ "Jọ̀ọ́, ṣé o rántí mi?" Mo pa á rẹ́. Mo tún un tẹ̀. Mo tún un pa rẹ́.

Akọ̀wé, ẹ má parọ́ sínú ìwé yín. Ẹ fi ojú ewé kan sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ tọrọ àforíjì kí ẹ tó túká. Ó rọrùn nígbà tẹ́ ẹ ṣì ń rí ara yín lójoojúmọ́.

Màmá_Aṣọ_Funfun

Ẹ ṣáà má fi máákà kọ gbogbo ara yúnífọ́ọ̀mù tí àbúrò máa wọ̀. Tí ẹ bá fẹ́ ṣe sáìnì-áwùtù, ẹ ra ṣẹ́ẹ̀tì òkìrìkà funfun kan. Ti ọmọ mi ọdún tó kọjá, ọṣẹ dúdú, bílíìsì, omi gbígbóná, "We made it" ṣì wà ní ẹ̀yìn ẹ̀. Àbúrò ẹ̀ ló ń wọ̀ ọ́ lọ sí JSS3. Kí wá ni àǹfààní ìyẹn?

Tíṣà_Àná

Ẹ kú ìjókòó. Mo kọ́ni fọ́dún 31 kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì ti ka ìwé ìrántí tó pọ̀. Ọ̀kan náà ni gbogbo wọn, torí àwọn tó kù lẹ́yìn ló máa ń kọ ọ́ nípa ara wọn.

Akọ̀wé, o ní ẹ̀yin 43 lẹ kù. Mélòó lẹ jẹ́ nígbà tẹ́ ẹ wọlé? Lọ bá ọ́fíìsì iléèwé rẹ, kúnlẹ̀ dáadáa, ní kí wọ́n jẹ́ kó o wo rẹ́jísítà JSS1 yín. Tètè lọ kí ikán tó bá a. Wàá rí orúkọ tó dúró lójijì láàárín táàmù. Òmíràn, bàbá rẹ̀ kú. Òmíràn, wọ́n kó kúrò ní Ìbàdàn. Òmíràn kò rówó san, ìtìjú ò sì jẹ́ kó sọ. Àwọn yẹn wà nínú ìtàn yín. Ẹni tó bá sì ti lọ bá Ẹlẹ́dàá, ẹ lọ gbàṣẹ lọ́wọ́ àwọn òbí rẹ̀ kẹ́ ẹ tó kọ ọ́.

Mo fẹ́ràn láti máa pe rẹ́jísítà. Ọmọ Ìbàdàn ponbele ni mí, gbogbo Ṣẹ́gun ni mo ń pè ní Sẹ́gun, gbogbo Ṣadé ni Sadé. Kíláàsì kan wà tí wọ́n máa ń dáhùn pé "Present, sà" pẹ̀lú ohùn èmi gan-an. Mo máa ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Nǹkan kan tí kò kan ìwé ìrántí: kí kálukú wò ó bóyá orúkọ tó fi ṣe WAEC bá ti NIN rẹ̀ mu, lẹ́tà sí lẹ́tà. Láti 2021 ni JAMB ti ń béèrè NIN kéèyàn tó lè forúkọ sílẹ̀. Ẹ sì gba tẹsitimóníà yín kẹ́ ẹ tó jáde. Ẹ ò mọ iye àgbàlagbà tó wá ń wá mi kiri ní ilé torí pírísípà tó mọ̀ wọ́n ti lọ.

Ọmọ_1988

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Mo fẹ́ fi kan kún un: kí gbogbo wọn gun Òkè Àrẹ lọ sí Bower's Tower. Láti 1936 ló ti wà níbẹ̀. Téèyàn bá dé òkè, páànù dúdú-pupa ló tẹ́ lọ títí, Màpó rèé, Ilé Kòkó rèé lápá ibẹ̀ yẹn. Kí kálukú nàka sí ìhà ibi tí ilé rẹ̀ wà, kẹ́ ẹ yà á bẹ́ẹ̀. Wàá rí i pé kò sí ìka méjì tó dojú kọ ibì kan náà. Àwa ò ṣe é, mo kàn ń rò ó ni.

Akọ̀wé_SS3

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ti padà dé.

Akápò wa ti kó owó sí àkáǹtì tí tíṣà Yorùbá wa àti màmá ẹnì kan ń bójú tó. A yọ ìnagijẹ márùn-ún. Ẹnì kan tí mo rò pé ó fẹ́ràn tirẹ̀, tó máa ń dáhùn tẹ̀ríntẹ̀rín, ó ní ká yọ ọ́. Mi ò bi í léèrè ìdí. Ojú ewé àforíjì ti kún, a ní láti fi ìkejì kún un, ojú ewé sì ti di 33, mo ń bọ̀ wá bá yín, Bọ̀dá Atẹ̀wé.

Mo rí rẹ́jísítà JSS1. Ikán ti jẹ etí rẹ̀, orúkọ ò bàjẹ́. Àwa 71 la wọlé. Mi ò mọ̀ rárá. Mo ti gbàgbé pé ẹnì kan jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi fún táàmù méjì kí ọ̀rẹ́ mi ìsinsìnyí tó wá síbẹ̀. Nínú 28 tó lọ, a ti rí 19. A ní kí wọ́n kọ gbólóhùn kan kan, ohun tí wọ́n bá rántí nípa wa.

Nọ́ńbà 18 nínú rẹ́jísítà, ó fi wá sílẹ̀ lẹ́yìn JSS3. Ó ń ṣe fọkanáísà lápá Ìwó Road báyìí. Èmi àti akápò la lọ. Ó ń fa táyà jáde nígbà tá a dé, ó mọ̀ wá kíá, ó pè wá lórúkọ àtorúkọ bàbá wa. Nígbà tá a ṣàlàyé, ó dákẹ́. Ó ní, "Ṣé orúkọ mi ṣì wà níbẹ̀?" A fi fọ́tò rẹ́jísítà hàn án. Ó wò ó, ó fi ìka méjì fà á tóbi, ó tún wò ó. Kò dúró fọwọ́, ó gba bébà lọ́wọ́ mi, ó gbé e lé orí táyà, ó kọ ọ́: "Emi ni mo maa n lu agogo."

Òótọ́ ni. Òun ni, fún ọdún mẹ́ta. Gbogbo wa ti gbàgbé.

Bọ̀dá Atẹ̀wé, ìbéèrè mi rèé. Mo fẹ́ kí a tẹ bébà náà bó ṣe wà, pẹ̀lú ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀, kì í ṣe kí n tún un tẹ̀. Àmọ́ ọ̀rá ẹ́ńjìnnì wà lára rẹ̀, ojú àtàǹpàkò rẹ̀ hàn gbàǹgbà ní igun kan. Ṣé kí n nu ún lórí kọ̀ǹpútà kí n tó fi ránṣẹ́?

Atẹ̀wé_Mọ́kọ́lá

Má nu ún. Fi ránṣẹ́ bíi dọ́kúmẹ́ǹtì. Wá ojú ewé mẹ́ta sí i kó di 36, mi ò ní gba owó ìyẹn.